Ṣé Ó Yẹ Ká Fọ́n Irúgbìn Sórí Koríko Tó Ń Sùn?

 

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì alẹ́ wa ní Ọ̀pàrà. Mo fẹ́ kí ẹ bá wa dá sí i. Inú oṣù kìn-ín-ní ni. Ọyẹ́ ti gbẹ gbogbo igbó. Ẹ̀kọ́ alẹ́ ọjọ́ náà dá lórí oúnjẹ ẹran ọ̀sìn. A kà á dé ibi tí ìwé ti sọ pé àgbẹ̀ lè fọ́n irúgbìn koríko sí ilẹ̀, kí ẹran rẹ̀ lè rí ewé tútù jẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Bàbá kan tó jókòó sẹ́yìn gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sókè. Ó ní: "Olùkọ́, ẹ tún un kà. Ṣé wọ́n ní kí n gbin koríko? Èmi tí mo ti ń fi ọkọ́ bá koríko jà láti ìgbà tí mo ti gbọ́n?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ìyá kan kò rẹ́rìn-ín. Ó ní: "Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, àgùntàn mi méjì kú kí òjò tó rọ̀. Kò sí àrùn lára wọn. Ebi ni. Ọ̀kan lóyún." Ẹ̀rín náà tán lẹ́nu wa.

Láti alẹ́ yẹn ni kíláàsì wa ti pín sí mẹ́ta. Àwọn kan ní kí a fọ́n irúgbìn sórí ilẹ̀ tó gbẹ, kí a máa bu omi rin ín. Àwọn kan ní kò sí ohun tó ju iná lọ: kí a dáná sun igbó, ewé tútù á sì yọ fúnra rẹ̀. Àwọn tó kù ní kí a fi koríko sílẹ̀, Ọlọ́run ló ní kó sùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ọ̀dọ̀ ta ni ẹ wà? Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí èmi dúró sí, àti ìdí rẹ̀.

Àwọn tí kò mọ ọ̀dọ̀ wa, Ọ̀pàrà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àrọ́ńdísímáà Ṣábẹ̀ẹ́, ní ìpínlẹ̀ Collines, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Okpara ni wọ́n ń kọ sínú ìwé ìjọba. Orúkọ odò ni. Odò yìí náà ló pa ààlà láàárín wa àti Nàìjíríà. Òjò wa máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin. Tó bá di oṣù kọkànlá, ó ti dá. Láti ìgbà náà lọ, gbogbo ilẹ̀ á di pupa, erùwà á gbẹ dúró bí igi, ẹ̀kan á le bí okùn. Oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún lèyí.

Ṣé koríko náà ti kú ni? Rárá. Ẹ mú ọkọ́ lọ sí ìdí erùwà kan ní oṣù kejì. Ẹ wú u. Ewé rẹ̀ á rún lọ́wọ́ yín bí bébà tó jóná. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìsàlẹ̀, níbi tí igi rẹ̀ ti bá gbòǹgbò pàdé. Ibẹ̀ ṣì funfun. Ó ṣì tutù díẹ̀. Nígbà òjò, ewé ló ń fi oòrùn se oúnjẹ. Bí òjò bá ń lọ, koríko á kó oúnjẹ náà sọ̀kalẹ̀ sí ìdí rẹ̀, á wá jẹ́ kí ewé gbẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin iṣu, ẹ mọ èyí ju èmi lọ. Iṣu tó wà nínú àká kò kú. Ó ń dúró de ìgbà tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bó bá hù nínú àká, tí ẹ ṣẹ́ ẹ, tó tún hù, tí ẹ tún ṣẹ́ ẹ, kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí iṣu náà? Ó ń fúnjọ. Ara rẹ̀ ló ń jẹ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà sórí rẹ̀ tí a bá dé ọ̀rọ̀ iná.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín rìn jìnnà díẹ̀. Ibì kan wà láyé tí wọ́n ti ń fọ́n irúgbìn sórí koríko tó ń sùn lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹran tó ń jẹ ẹ́. Ní Amẹ́ríkà ni. Eré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní gọ́ọ̀fù. Ẹni tó ń ṣe é á fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù kékeré, títí bọ́ọ̀lù náà á fi já sínú ihò. Pápá kan ṣoṣo lè gba 40 héktà sí 60 héktà. Koríko ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀ bí ẹní. Ní gúúsù ilẹ̀ wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní Bermuda ló wọ́pọ̀ jù. Orúkọ àjèjì lèyí, ṣùgbọ́n a mọ koríko náà dáadáa. Òun ni koríko kékeré tó ń rá mọ́lẹ̀ ní àgbàlá wa àti létí ọ̀nà, tí orí rẹ̀ pín bí ẹsẹ̀ adìyẹ. (Nílé ìwé, chiendent ni wọ́n fi kọ́ mi ní Faransé. Wọ́n tún fi chiendent kọ́ mi fún ẹ̀kan. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé koríko méjì ni.)

Lọ́dọ̀ tiwọn, òtútù ló ń mú kí koríko náà sùn, kì í ṣe àìsí òjò. Á gbẹ, á pọ́n. Àwọn tó ń ṣeré kò fẹ́ rí i bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí òtútù tó dé, wọ́n á gé koríko onílé mọ́lẹ̀, wọ́n á fọ́n irúgbìn koríko mìíràn lé e lórí, èyí tó fẹ́ràn òtútù, tí Faransé ń pè ní ray-grass. Wọ́n á máa bu omi rin ín ní ìgbà mélòó kan lójúmọ́ títí á fi hù. Pápá olókìkí kan wà ní ìlú Augusta, ní ìpínlẹ̀ Georgia, tí wọ́n ti ń ṣe ìdíje ńlá ní oṣù kẹrin ọdọọdún. Àwọ̀ ewé tí àwọn ènìyàn ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà náà, koríko àlejò yẹn ni.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ooru bá padà, koríko onílé á jí, á bá àlejò lórí ara rẹ̀. Àlejò ti gba oòrùn, ó ti gba omi. Bí wọn kò bá ṣọ́ra, onílé á tínrín, ojú ilẹ̀ á pá níbì kan. Àlejò náà kò sì ní pẹ́ kú, nítorí kò lè fara da ooru. Gbogbo owó yẹn, gbogbo omi yẹn, nítorí kí ojú lè rí ewé fún oṣù mélòó kan ni. Ní báyìí, àwọn pápá kan ti ń jẹ́ kí koríko wọn sùn. Àwọn kan tilẹ̀ ń fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn ún. Ẹ má rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni. Ní àríwá Nàìjíríà, àwọn òyìnbó tó mú eré yìí wá nígbà ìjọba wọn kò bá ẹ̀ẹ̀rùn jà bẹ́ẹ̀. Iyanrìn tí wọ́n fi epo pò ni wọ́n tẹ́ sí àyíká ihò, wọ́n sì ń ṣeré wọn lọ.

Kí ló kan àwa nínú rẹ̀? Ó kàn wá nítorí pé ohun tí apá kìíní kíláàsì wa fẹ́ ṣe gan-an nìyẹn: kí a fi omi jí ilẹ̀ tó ń sùn. Èmi fúnra mi sì ti ṣe é rí.

Ní ọdún kan, mo gba irúgbìn koríko ńlá kan tí wọ́n fi ń bọ́ màlúù. Dípò kí n gbìn ín nígbà òjò, oṣù kejìlá ni mo fọ́n ọn sẹ́yìn ilé, sórí koríko tó ti gbẹ. Ilẹ̀ náà kò ju ẹní mẹ́fà lọ. Garawa méjì láàárọ̀, garawa méjì nírọ̀lẹ́, láti ibi pọ́ǹpù. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ papọ̀. Garawa kan jẹ́ 20 lítà. Garawa mẹ́rin jẹ́ 80 lítà. Fún 30 ọjọ́, ó di 2,400 lítà. Omi yẹn tó fún ènìyàn mẹ́rin fún oṣù kan, bí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn bá ń lo garawa kan lójúmọ́. Mo fi rin koríko tó fẹ̀ tó ẹní mẹ́fà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo tò sí ìdí pọ́ǹpù pẹ̀lú garawa mi. Ìyá ọlọ́mọ kan tó wà lẹ́yìn mi wò mí, ó ní: "Mọ̀sọ́ọ̀, ṣé koríko ló máa mu omi kí ọmọ mi tó mu?" Kò pariwo. Mi ò ní èsì. Mo gbé garawa mi kúrò lórí ìlà. Koríko tó ti hù nígbà náà, ewúrẹ́ onílé mi jẹ ẹ́ tán lóru ọjọ́ kejì. Ó tilẹ̀ jẹ́ ìtura fún mi.

Nítorí náà, ẹ̀yin apá kìíní, mi ò sí lọ́dọ̀ yín. Ẹni tó ní odò létí oko, tó ní ẹ̀rọ tó ń fa omi, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí àwọn obìnrin ti ń jí ní aago mẹ́rin òru lọ tò sí ìdí pọ́ǹpù, kò sí koríko tó yẹ kó mu nínú omi náà.

Ọ̀rọ̀ wá kan ẹ̀yin oníná.

Mo mọ̀ pé ẹ ò purọ́. Bí iná bá jó erùwà, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ewé tútù á yọ lórí eérú, láìsí òjò, láìsí garawa. Ẹran fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbo ni ewé yẹn ti wá? Ẹ rántí iṣu inú àká. Oúnjẹ tí koríko kó pamọ́ sí ìdí rẹ̀ ló fi yọ. Bí iná bá jó ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, tí ilẹ̀ ṣì tutù, iná náà kì í le púpọ̀, koríko náà á rí nǹkan díẹ̀ fà nínú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bá dá ní oṣù kejì tàbí oṣù kẹta, iná burúkú ni. Gbogbo nǹkan ti gbẹ. Ó ń jó koríko, ó ń jó igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà, ó ń jó ewé tó yẹ kó di ilẹ̀dú. Koríko tó bá yọ lẹ́yìn rẹ̀, ẹran á jẹ ẹ́, á tún yọ, ẹran á tún jẹ ẹ́. Nígbà tí òjò bá dé, kò sí nǹkan mọ́ nínú àká rẹ̀. Ẹ̀kan nìkan ni iná kì í ṣe ní nǹkan, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ jìn. Ilẹ̀ tí a bá ń sun lọ́dọọdún, ẹ̀kan ló máa jogún rẹ̀.

Àsìkò yẹn kan náà ni kajú wa ń so. Ẹ̀yin tí iná ti jó oko kajú yín rí, ẹ ò nílò kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀gbẹ́ni tó ti fi owó kajú náà gba gbèsè, tàbí tó ti fojú sọ́nà láti fi san owó ilé ìwé ọmọ. Òfin igbó ti ọdún 1993 ní ilẹ̀ wa ti fi ìlànà sí iná sísun. Kì í ṣe ẹni tó bá wù ló lè ṣá iná nígbà tó bá wù ú. Ẹni tó bá fẹ́ sun ààlà oko rẹ̀ kí iná ẹlòmíràn má bàa wọlé, kó ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, láàárọ̀ tàbí nírọ̀lẹ́ nígbà tí afẹ́fẹ́ rọ̀, kí àwọn aládùúgbò mọ̀, kí wọ́n sì wà níbẹ̀. Kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ lọ sílé kí iná tó kú pátápátá.

Ó kù ẹ̀yin tí ẹ ní kí a fi koríko sílẹ̀ kó sùn. Ọ̀dọ̀ yín ni mo sún mọ́ jù. Koríko gbígbẹ ń bo ilẹ̀. À ń fi í bo ilé, à ń fi í ṣe ọgbà ìwẹ̀. Ilẹ̀ tó bá ń sùn ń sinmi. Ṣùgbọ́n àgùntàn ìyá yẹn ńkọ́? Ẹ ò lè sọ fún ẹran pé kó sùn di oṣù kẹrin.

Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyí. Bí a bá fẹ́ ewé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà òjò ni ká ti gbìn ín. Ká sì gbin èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ lè wá omi fúnra rẹ̀, tí kò ní wá a nínú garawa wa. Ká fọ́n ọn sáàárín nǹkan tó ń dàgbà, kí òjò tó lọ.

Kí a tilẹ̀ tó wá irúgbìn àjèjì lọ, ẹ wo òtílí, ẹ̀wà igi tí àwọn bàbá wa mọ̀, tí Faransé ń pè ní pois d'Angole. Ẹ lè gbìn ín sáàárín àgbàdo ní oṣù kẹfà tàbí oṣù keje. Kì í bá àgbàdo jà, nítorí kì í yára dàgbà ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ká àgbàdo tán, òun á wá dìde. Gbòǹgbò rẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀ gan-an. Ní oṣù kejìlá, ní oṣù kìn-ín-ní, nígbà tí gbogbo nǹkan ti gbẹ, òtílí á ṣì dúró pẹ̀lú ewé. Ẹ̀wà rẹ̀ jẹ́ oúnjẹ tó ń fún ọmọdé lágbára, nígbà tí kò sí owó ẹran àti ẹja. Ewé rẹ̀ jẹ́ ti ewúrẹ́. Igi rẹ̀ ṣeé dáná. Ó tún ń sọ ilẹ̀ dọ̀tun. Bí ẹ bá ká a tán, ẹ gé e sókè díẹ̀, kó tó orúnkún, ẹ má gé e mọ́lẹ̀. Ó lè tún rú. Ẹ sọ fún mi, kí ló dé tí a ń gbàgbé rẹ̀? Mo rò pé nítorí pé kò sí oníṣòwò tó ń gbé mọ́tò ńlá wá rà á bíi kajú ni.

Òmíràn wà, ọmọ ìyá wèrèpè. Ẹ má sá. Èyí kì í yún ara. Mucuna ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Láti nǹkan bí ọdún 1987 ni àwọn olùwádìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ ní ìhà Mono, ní gúúsù ilẹ̀ wa, níbi tí ilẹ̀ ti rẹ̀, tí ẹ̀kan sì ti gba oko. Wọ́n ń gbìn ín sáàárín àgbàdo lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí àgbàdo ti hù. Ó ń fà bo ilẹ̀ bí aṣọ, ó ń bo ẹ̀kan mọ́lẹ̀ títí ẹ̀kan á fi kú. Nígbà tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, òun náà á kú fúnra rẹ̀, ewé rẹ̀ á sì di ìtẹ́lẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀. Ẹ̀kan pọ̀ lọ́dọ̀ wa náà. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó dán an wò ní igun oko kan. Àmọ́ ẹ gbọ́ o: ẹ má fún ọmọdé ní ẹ̀wà rẹ̀ jẹ, kí ẹ̀yin náà má jẹ ẹ́. Nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó ń mú kí ènìyàn bì, tó ń da orí rú. Ní ọdún 1989, ní ilẹ̀ Mozambique, nígbà tí ogun àti ìyàn fi ebi pa àwọn ènìyàn, ọ̀pọ̀ ló jẹ ẹ̀wà yìí láìsè é bó ṣe yẹ, orí wọn sì dàrú. Ẹ kó irúgbìn rẹ̀ síbi tí ọwọ́ ọmọ kò lè dé.

Èyí tó wá rọrùn jù lọ, kò gba irúgbìn kankan. Ká tọ́jú oúnjẹ tí koríko ti ṣe kó tó sùn. Ní ìhà Parakou, oko màlúù ìjọba kan wà tó ń jẹ́ orúkọ odò wa, Okpara. Láti ọdún 1952 ló ti wà, màlúù Borgou ni wọ́n ń sìn níbẹ̀. Wọ́n ń gbin koríko ńlá, Panicum, fún ẹran wọn. Àwa kò ní ilẹ̀ tó tó tiwọn, ṣùgbọ́n a ní dòjé. Ní oṣù kẹsàn-án tàbí oṣù kẹwàá, kí erùwà tó yọ òdòdó, tí ewé rẹ̀ ṣì rọ̀, ẹ gé e. Ẹ sá a fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ máa yí i padà. Ẹ dì í, ẹ kó o sórí pẹpẹ tí òjò kò lè dé. Bí kò bá gbẹ dáadáa, á bu. Ẹ má fún ẹran ní èyí tó bu, ó lè pa á lára.

Ewé ẹ̀pà ńkọ́? Ó ń dùn mí tí mo bá rí i. A ó já ẹ̀pà tán, a ó kó ewé rẹ̀ jọ, a ó dáná sun ún! Oúnjẹ àgùntàn gidi ni o. Ewé ẹ̀wà náà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó sun ewé ẹ̀pà rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, tó wá ń wá koríko kiri ní oṣù kejì, ẹjọ́ ta ni?

Mo ti sọ gbogbo èyí ní kíláàsì. Mo rò pé mo ti borí. Bàbá tó jókòó sẹ́yìn tún gbé gíláàsì rẹ̀ sókè. Ó ní: "Olùkọ́, ó dára. Mo gbin òtílí. Gbogbo ilẹ̀ pupa, oko mi nìkan ló ní ewé. Màlúù igba ń bọ̀ láti òkè odò. Ibo ni wọ́n máa yà sí?"

Ìbéèrè yẹn lágbára ju gbogbo ẹ̀kọ́ mi lọ. Ẹni tó bá ní ewé nígbà tí ẹlòmíràn kò ní, àlejò tí kò pè á wá. Gbogbo wa la mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ láàárín àgbẹ̀ àti darandaran ní ìhà wa. Wọ́n ti lu ara wọn. Wọ́n ti ṣá ara wọn ní àdá. Wọ́n ti pa ènìyàn. Nígbà tí ebi bá pa màlúù gan-an, àwọn darandaran á gun igi apá àti ọ̀gánwó, wọ́n á gé ẹ̀ka rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, igi náà á kú díẹ̀díẹ̀. Èyí náà ń bí wa nínú.

Ìjọba kò dákẹ́. Láti ọdún 1987 ni òfin ti wà lórí bí ẹran ṣe ń jẹko àti bí agbo ṣe ń rìn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, wọ́n fọwọ́ sí òfin tuntun, Code pastoral. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, ìjọba tún kéde pé àwọn agbo tó ń ti ilẹ̀ òkèèrè wá kò gbọdọ̀ wọlé mọ́. Òfin dára. Ṣùgbọ́n màlúù kò kàwé. Ọ̀pọ̀ àwọn Fúlàní tó wà ní gàá lọ́dọ̀ wa sì kì í ṣe ará òkèèrè. Ibí ni wọ́n bí wọn sí. Àwọn ọmọ wọn ń bá àwọn ọmọ wa lọ sí ilé ìwé kan náà, wọ́n sì ń gbọ́ èdè wa ju bí a ṣe ń gbọ́ tiwọn lọ. Wàràǹkàṣì wọn là ń rà ní ọjà.

Nítorí náà, èmi kò ní sọ fún yín pé kí ẹnì kan dá gbìn ín. Ẹni tó bá dá a gbìn, tirẹ̀ nìkan ni wọ́n máa jẹ. Kí ó tó di oṣù karùn-ún, kí baálẹ̀ pe ìpàdé, kí wọ́n pe àwọn àgbà gàá sí i, kí obìnrin wà níbẹ̀. Kí wọ́n bára wọn sọ ọ́: ìhà ibí ni a máa gbin òtílí sí ní ọdún yìí, ìhà ọ̀hún ni màlúù máa gbà kọjá lọ sí odò. Lẹ́yìn tí a bá ká àgbàdo àti ọkà bàbà tán ní ìhà ọ̀hún, màlúù lè wọlé jẹ pòròpórò, kí ìgbẹ́ wọn bọ́ sí oko wa. Ẹni tó bá gbin nǹkan sí ẹ̀yìn ilé, kó fi ẹ̀gún sọgbà yí i ká, kó má ju ohun tó lè ṣọ́ lọ. Nítorí ewúrẹ́ tiwa náà ni o. Ẹ rántí ohun tí ewúrẹ́ onílé mi ṣe.

Àwọn kan á ní: "Kí ló dé tí a máa fi bẹ Fúlàní kí a tó gbin nǹkan sórí ilẹ̀ wa?" Mo gbọ́ yín. Ẹ̀bẹ̀ kọ́. Bí ẹ bá fẹ́ sun ààlà oko, ẹ̀ ń sọ fún aládùúgbò. Ṣé ó tó ẹ̀bẹ̀ ni?

Ní kíláàsì wa, a ti dé ibi kan, a kò tíì dé òpin. Ìyá tí àgùntàn rẹ̀ kú ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó irúgbìn òtílí jọ lọ́wọ́ àwọn àna rẹ̀. Ó ti ní agolo mẹ́ta. Àgbà kan láti gàá wá sí kíláàsì ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ó ní òun á sọ fún àwọn ọmọ òun kí wọ́n má gba ìhà àríwá kọjá, bí a bá fi ọ̀nà tó lọ sí odò sílẹ̀ fún wọn kó fẹ̀ dáadáa. A béèrè pé kó fẹ̀ tó mélòó. Ó ní 50 mítà. Bàbá tó ń jókòó sẹ́yìn ní 20 ti tó. Ibẹ̀ ni a wà. Ní ọjọ́ Wẹ́sìdé tó ń bọ̀, a máa mú okùn, a máa jáde lọ wọ̀n ọ́n.